Ọ̀ọ́dúnrún Fìlà Nígbà Igogo

Ọjọ́ kejì ìbò ni ènìyàn ń mọ iye ẹni tó ní láyé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìbò yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Màmá Monica wà nínú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọgọ́rin olóyè: alága, igbákejì alága, igbákejì igbákejì, akọ̀wé àgbà, akọ̀wé ìròyìn, olórí àwọn ọ̀dọ́, àti olórí àwọn àgbà tó ń ṣe bí ọ̀dọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, tí wọ́n ti kéde pé Adédàmọ́lá tí wọ́n fà kalẹ̀ ti fìdí rẹmi, àwọn mọ́kànlá ló kù, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àwọn yòókù gbẹ bí ìtọ̀ ewúrẹ́ lórí àpáta. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kọjá kí Màmá Monica má baà pè é.

Adédàmọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ. Ó ní òun ń lọ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní Àbújá. Ìsinmi náà di ọdún kan àti oṣù méje. Ẹ̀wù tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí láyà di aṣọ ìnulẹ̀ káàkiri ìlú. Màmá Monica fi tirẹ̀ ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, bí ooru bá sì ta á lọ́wọ́, a bú ojú tó wà lára aṣọ náà pé, "Dàmọ́lá, di nǹkan mú. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ, di nǹkan mú."

Kò sí ọlọ́lá tó lè fi agbádá dẹ́rù ba obìnrin yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbá ilẹ̀ wọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn, tó ń da ìtọ̀ àwọn ènìyàn ńlá nù, tó ń bá wọn yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rí ìdí kọmíṣọ́nnà, ó ti rí ti adájọ́, ó ní kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ti bíríkìlà. Tirẹ̀ gan-an ò ṣeé fi pamọ́. Lọ́jọ́ ìpolongo kan, wọ́n fún un ní àga alápá lórí pèpéle. Nígbà tó dìde láti pàtẹ́wọ́, àga náà bá a dìde. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àga ò bọ́. Ẹni méjì ló fà á yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún àlejò, kí ọ̀tá má baà sọ ọ́ láìdùn.

Àwọn mọ́kànlá tó kù yìí ló dá Ààrò Mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro. Ilé mẹ́ta tó sún mọ́ ara wọn á di ààrò kan, bí òkúta mẹ́ta tí ń gbé ìkòkò. Wọn ò yan alága, nítorí Màmá Monica ti rí i pé alága máa ń kan ju ọbẹ̀ ilá àná lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ààrò kan á rán ẹni mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ bá kàn. Wọn kì í gbé pátákó, wọn kì í kọrin. Wọ́n á kí gbogbo ènìyàn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Ní aago mẹ́rin, wọ́n á gbá èèpo wọn, wọ́n á lọ sílé, ààrò mìíràn á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan yìí ti jí ẹ̀rọ omi kan tó ti kú láti ọdún mẹ́fà. Àwọn ará ọ́fíìsì lè fara da ariwo. Ohun tí wọn ò lè fara dà ni kí ènìyàn máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi odidi ọjọ́ ṣe òfo.

Ààrò náà ti di àádọ́rùn-ún báyìí, láti Ọ̀wọ̀ dé Uso, wọ àwọn oko Ose lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti nọ́ọ̀sì Àbà Jonah. Lẹ́yìn Arimogija ni àbà náà wà, láàrin oko kòkó. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà, fèrèsé wà, nọ́ọ̀sì ni kò sí. Ní oṣù méje sẹ́yìn, wọ́n kọ lẹ́tà pé kí nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Tiwátọ́pẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Hàmídù, ọ̀gá ọ́fíìsì tí ń pín wọn káàkiri, dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀ torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ó sì mọ tíì pò. Ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní ìgbẹ̀bí wá ń to fáìlì. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣèyíọlá, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Àbà Jonah, bímọ sórí ọ̀kadà lọ́dún tó kọjá, láàrin Arimogija àti Ọ̀wọ̀. Ọmọ náà ò lo ìdajì wákàtí láyé. Oyún mìíràn ti pé oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ báyìí, Màmá Monica sì ti fi orí ara rẹ̀ búra pé obìnrin yìí ò tún ní fi ìrọbí gun ọ̀kadà mọ́.

Àsìkò ọdún Igogo ni Adédàmọ́lá padà dé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ò tíì mọ a, b, d mọ̀ pé nígbà Igogo, obìnrin ò gbọdọ̀ wé gèlè, ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà nínú ìlú. Màmá Monica jókòó sẹ́yìnkùlé tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti họ ọ́ lórí fún ọgbọ̀n ọdún sì ń dán láàrin irun funfun bí àwo tánganran. Jíìpù dúdú kan yà wọlé. Adédàmọ́lá sọ̀ kalẹ̀ nínú léèsì funfun, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ìgúnpá kí aṣọ má baà kan ilẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga.

"Ẹ kúulé o, Màmá mi."

"Ta nìyẹn?" ni Màmá Monica wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dá a mọ̀ látòkèèrè.

"Èmi ni, Màmá. Adédàmọ́lá yín."

"Mo ní ọ̀kan nílé tẹ́lẹ̀. Òun ló ń bá mi gbé ìkòkò."

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Adédàmọ́lá wá àpótí kan jókòó lé. "Ẹ máa bínú, Màmá. Ọ̀nà ló jìn."

"Ọ̀nà ò jìn. Fóònù gan-an ò jìn. Kí lo bá wá?"

"Mo ti sọdá, Màmá."

"Odò wo?"

"Inú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ni mo wà báyìí."

"Mo ti gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni, kí n lè rí bí ẹnu náà á ṣe rí." Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú agbada. "Ó rí bákan náà. Máa sọ̀rọ̀ rẹ lọ."

"Àwọn ọ̀gá lọ́hùn-ún fẹ́ràn iṣẹ́ wa gan-an. Wọ́n ní kí n kó àwọn ènìyàn wa wá, ká fà wọ́n lé olórí wa, Olóyè Akínbọ̀wálé, lọ́wọ́ ní pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ààrò Mẹ́ta yìí, wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ dé Akúrẹ́."

"Àwọn ènìyàn ta?"

"Àwọn ènìyàn wa."

"'Wa' yẹn, ìwọ àti ta?"

Adédàmọ́lá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ta. Ó ní Olóyè ti gbà kí Màmá jẹ́ olórí àwọn obìnrin fún gbogbo ẹkùn náà, wọn yóò fi mọ́tò gbé e, wọn yóò máa pè é ní "Ìyá Ẹkùn". Màmá Monica fẹ́ yọ ṣùtì, ṣùgbọ́n kó tó rí ètè rẹ̀ ṣù jọ, ọkàn rẹ̀ ti fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá Ẹkùn. Ó rí ara rẹ̀ nínú mọ́tò, gíláàsì wà sókè, ó ń juwọ́ sí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ara rẹ̀ tì í, ó sì fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gẹ́ tó kàn.

"Ti nọ́ọ̀sì Àbà Jonah náà ń kọ́?" ni Adédàmọ́lá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ lójijì. "Hàmídù tó dá a dúró, ọmọ ẹ̀yìn Olóyè ni. Mo ti bá Olóyè sọ ọ́. Bí ó bá rí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn lọ́jọ́ Sátidé, nọ́ọ̀sì á wà lábà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí kò bá rí wọn..." Ó la ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan nínú wọn.

Ẹ̀rín tán lójú Màmá Monica. Ó lè fi ẹnu gbá Adédàmọ́lá jù sígbó, ṣùgbọ́n ikùn Ṣèyíọlá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu gbá.

"Àwa la ó pèsè gbogbo nǹkan," ni Adédàmọ́lá ń bá a lọ, ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọlé. "Ọ̀ọ́dúnrún fìlà ló ń bọ̀, àmì ẹgbẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ti àwọn ìyá, gèlè wà." Ó wo orí Màmá Monica, àánú sì ṣe é. "Ẹ̀yin gan-an, n ó mú tiyín wá lọ́tọ̀. Kò yẹ kí irú yín máa ṣí orí sílẹ̀ báyìí. Ǹjẹ́ ẹ̀ ń rí nǹkan jẹ dáadáa?"

Màmá Monica wò ó títí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀, ó wakọ̀ gba àárín ìlú tí kò sí fìlà kan lórí ẹ̀dá alààyè, òṣì ló rò pé ó ń bá gbogbo wọn jà. Ìyá gidi ì bá kìlọ̀ fún un. Ìyá gidi ni Màmá Monica fún ọmọ márùn-ún tó bí. Iṣẹ́ náà ti tó o.

"Fìlà dára," ló wí. "Máa kó o bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe àwọn tó lè tètè dé. Ignatius dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì tí kò sá lẹ́yìn ìbò. Ẹnì kejì ni Àbúdùlàhí ọlọ́kadà, òun ló rọra gbé Ṣèyíọlá wá láti Àbà Jonah, tó ń yẹ gbogbo kòtò bí ẹni tó gbé ẹyin. Màmá Monica sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn, ó fi ti mọ́tò àti Ìyá Ẹkùn kún un.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Ignatius wí. "Ká jókòó fún wọn, ká gba nọ́ọ̀sì wa, ká máa lọ sílé. Kí ló sọnù níbẹ̀?"

"Tíṣà, ẹni tó yá ọ ní ìkòkò á fẹ́ mọ ohun tí o fi sè."

"Ìgbéraga lẹ fi ń sọ̀rọ̀, Màmá. Ikùn ẹlòmíràn ló wà lórí tẹ́tẹ́."

Òótọ́ ni, ó sì dun Màmá Monica. Ó yíjú sí Ṣèyíọlá. "Ìwọ lo ni ikùn. Wí tìrẹ."

Ṣèyíọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó mí. "Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́, ẹni yòówù tó bá mú un wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí ìbò ni wọ́n fi mú un wá, ọjọ́ kejì ìbò ni wọ́n á mú un lọ. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi náà lóyún. Ti oṣù mẹ́ta ni."

Wọ́n pinnu pé àwọn yóò lọ, àwọn yóò jókòó, àwọn ò ní fa ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ti fìlà, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ta ló ń kọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Igogo?

Lọ́jọ́ Sátidé, pápá kún. Àwọn ará Ose náà dé. Àwọn tó dé fìlà wá láti oko ti ṣí i kí wọ́n tó wọ ìlú, nítorí àlejò tó bá mọ ara rẹ̀ kì í tẹ èèwọ̀ onílé lójú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Adédàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í pín fìlà, fún àwọn obìnrin pẹ̀lú, torí gèlè ò tíì dé. Gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sórí itan. Ó pẹ́ díẹ̀, Olóyè ò dé. Ọwọ́ tó ti mọ́ra láti máa bó ẹ̀gúsí níbi ìjókòó ò mọ bí a ṣe ń dúró lásán. Obìnrin kan láti Uso tú ẹ̀gúsí rẹ̀, fìlà sì jìn dáadáa. Nígbà tó máa fi di aago méjìlá, ọ̀ọ́dúnrún fìlà tí wọ́n rán ní Akúrẹ́ ti di abọ́.

Olóyè Akínbọ̀wálé wọlé. Bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà rọra sọ nǹkan fún un nípa orí rẹ̀, Olóyè rò pé ó ń súre, ó ní "àmín". Bó ṣe gun pèpéle nìyẹn, pẹ̀lú fìlà gogoro lórí, láàrin ọ̀ọ́dúnrún orí tó ṣí sílẹ̀. Adédàmọ́lá tó dìde láti kí i wo pápá, ó wo Olóyè, ó tún wo pápá. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ bá fìlà tirẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Ó ṣí i, ó jókòó lé e lórí.

Olóyè ò mọ̀ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ṣiṣẹ́. "Dàmọ́lá, kí ló dé tí wọn ò dé fìlà mi?"

"Igogo ni, sà."

"Ta ló mú ọjọ́?"

Adédàmọ́lá tún ìjókòó rẹ̀ ṣe lórí fìlà.

"O jẹ́ ọmọ ìlú yìí, o sì ní kí n kó fìlà wá fún wọn nígbà Igogo?" Olóyè ṣí fìlà tirẹ̀. Kò sí irun kankan níbẹ̀. "Àwọn onífọ́tò ti ya gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ ń bó ẹ̀gúsí sí ojú ẹgbẹ́ wa. Pe ìyá náà wá, kó fà wọ́n lé mi lọ́wọ́, kí n máa lọ."

Màmá Monica gun pèpéle. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó jìnnà sí gbogbo àga.

"Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n fa yín lé Olóyè lọ́wọ́. Mo yẹ ara mi wò láàárọ̀ yìí, gbogbo ẹran ara mi ni mo yẹ̀ wò, ẹ sì mọ̀ pé ó pọ̀. Mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èmi ni mo ni yín. Ẹni tó bá fẹ́ ààrò, kó lọ bá àwọn tó ń dáná níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ni. Kó wọ bàtà tó le." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Ìbéèrè kan ni mo ní fún Olóyè. Nọ́ọ̀sì Àbà Jonah, ṣé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni lóòótọ́?"

"Nọ́ọ̀sì wo?" ni Olóyè wí.

Gbogbo pápá gbọ́. Èèpo ẹ̀gúsí nìkan ló ń dún. Adédàmọ́lá ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kọ ìdáhùn sí lára wọn. Kò bá Olóyè sọ ọ́ rí. Ó kàn gbọ́ nípa oyún obìnrin kan, ó sì rò pé òun lè fi ra ọ̀ọ́dúnrún orí.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Màmá Monica wí. "Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí." Ó yíjú sí pápá. "Kò sẹ́ni tí yóò mú nọ́ọ̀sì wá fún wa. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe ẹni mẹ́ta ni yóò lọ sọ́dọ̀ Hàmídù. Gbogbo wa ni."

Pápá hó. Wọ́n dìde, wọ́n ju ọwọ́ sókè, ẹ̀gúsí ń dànù. Ariwo náà wọ Màmá Monica lára bí ògógóró. Títí ó fi délé, ó ń ju ìdí bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ti dé ọ́fíìsì Hàmídù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba ogun rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án lù. Aago mẹ́wàá lù. Ignatius ka àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó rò pé ìṣirò lè ṣàánú òun.

"Mẹ́rìnlá," ló wí. "Pẹ̀lú èmi àti ẹ̀yin."

Ẹnì kan ń ṣe ìkómọ. Ẹnì kan rẹ ẹ̀gẹ́ sómi. Ẹnì kan ní Ọjọ́bọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun gbọ́. Èyí tó dun Màmá Monica jù ni ti ààrò Uso tó kàn lọ́sẹ̀ náà gan-an: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sílé, torí wọ́n gbọ́ pé gbogbo ayé ń lọ, wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ò ní hàn nínú ẹgbẹ̀ta. Fún ọdún kan àti ààbọ̀, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí ẹni mẹ́ta kì í wá. Ọjọ́ tó pe gbogbo ènìyàn ni àwọn tó kàn ò wá.

Ó bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, bẹ́ǹṣì ń dún.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Màmá?"

"Àtẹ́wọ́ ni, Tíṣà. Mo ń fi Dàmọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́, ìpàtẹ́wọ́ kan péré ni wọ́n fún mi, mo sì ya wèrè jù ú lọ. Àgbàlagbà tó rí ìdí kọmíṣọ́nnà tí ò rí tara rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Hàmídù yọjú, ó rí i pé wọn ò pọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó padà wọlé. Tiwátọ́pẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé kan. Ìlà náà tọ́. Màmá Monica ò tíì rí ohun tó bí i nínú tó ìlà tó tọ́ yẹn.

Ó kù díẹ̀ kó di aago méjìlá ni Àbúdùlàhí gbé Ṣèyíọlá dé. Ṣèyíọlá gbé báàgì kan dání, ó gbé bàsíà kan, rọ́bà omi kan, àti àwọn àkísà mímọ́ tí wọ́n dì ní dídì. Ó kí gbogbo wọn, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí tábìlì Tiwátọ́pẹ́, ó to ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì," ló wí.

"Ọ̀gá ò tíì tú mi sílẹ̀, Màmá," ni Tiwátọ́pẹ́ dáhùn láìgbójú sókè.

"Ṣé okùn ni wọ́n fi so ọ́ ni?" ni Màmá Monica bi í.

"Ẹ má bá a wí, Màmá," ni Ṣèyíọlá wí. "Mi ò wá pè é mọ́. Èmi ni mo wá bá a. Níbi tí nọ́ọ̀sì bá wà ni aboyún ń lọ. Oṣù mi kù díẹ̀. Níbí ni n ó máa wà, láàárọ̀ títí di aago mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ò jìnnà. Bí ó bá ti ń mú mi, mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Rúlà dúró nínú ìwé.

"Níhìn-ín?" ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Màmá, kò sí bẹ́ẹ̀dì níhìn-ín."

"Ó wà ní Àbà Jonah. Mo fọ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Màmá Monica wo obìnrin kékeré yìí, ó sì rí i pé ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ rárá. Ó nu ojú. "Tíṣà, mú bírò. A ò dúró de Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ààrò kan lójúmọ́, ẹni mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀ níbí, ìyàtọ̀ ò sí. Kọ orúkọ àwọn tó kàn, kó o sì lọ kàn án lára ilẹ̀kùn wọn. Uso ni ọ̀la, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ wọn ti hàn."

Hàmídù ti gbọ́. Ó jáde, ó wo ikùn, ó wo bàsíà, ó wo kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n tẹ́ sí ọ́fíìsì náà lóṣù tó kọjá. Ṣèyíọlá yan àkókò yẹn láti na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kérora díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún lóòótọ́.

"Tiwátọ́pẹ́," ni Hàmídù wí, "ṣé ìwọ gan-an ni kò fẹ́ lọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró, sà."

"Èmi? Ìgbà wo? Lẹ́tà rẹ ti jáde láti oṣù méje, o wá jókòó síbí tó ò ń fa ìlà." Ó ń wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Kò rí. Ó fọwọ́ sí ìwé tó fi tú u sílẹ̀ lórí ìdúró, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọkùnrin nìyẹn," ni Màmá Monica wí. "Àgbẹ̀bọ̀ adìyẹ níwà jù ú lọ. Adìyẹ a máa dúró ti ẹyin tó bá yé."

Tiwátọ́pẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Kò pọ̀: báàgì kan, ìgò omi kan. Ó dúró níwájú Ṣèyíọlá, ojú tì í. "Ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín," ló wí, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ ibi tó wú. "Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò gbẹ̀yìn?"

"Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí."

Tiwátọ́pẹ́ gbé bàsíà náà fúnra rẹ̀.

Màmá Monica bá ọkùnrin kan tó ní mọ́tò akẹ́rù fà á títí ó fi gbà láti gbé àwọn méjèèjì dé àbà ní ìjókòó iwájú, kí Àbúdùlàhí máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, kò sí ọ̀kadà tí yóò gbé òun alára. Òun àti Ignatius ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojú títì, itan rẹ̀ ń họ ara wọn, ó ń bú itan náà.

"Ó parí, ọpẹ́ ni," ni Ignatius wí. "A lè sinmi lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Nọ́ọ̀sì ti lọ, Màmá."

"Nọ́ọ̀sì ti lọ. Oògùn ń kọ́? Ta ni yóò lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, bóyá Hàmídù ò tíì fi tíì pè é padà? Àbà Jonah la ń lọ lọ́jọ́bọ̀. Ẹni mẹ́ta péré. Mi ò fẹ́ rí ẹni kẹrin."

"Ààrò wo ló kàn?"

"Tìrẹ."

Ignatius dúró. Ó ní eékún ń dun òun, ó ní ìyàwó òun ń retí àlejò, ó ní ọ̀nà Arimogija ò dára.

"Sọ ọ́ tán," ni Màmá Monica wí, ó ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. "Bí o bá sọ ọ́ tán, mú omi dání. Oòrùn oko ibẹ̀ le."